Òkè tí Mo Yàn fún Ìyá Rẹ̀mí

A ti fẹ́ẹ̀ wọ Owódé Ẹ̀gbá kí n tó mọ̀ pé kò sẹ́ni tó ti jẹun nínú bọ́ọ̀sì wa. Mo pín ọ̀gẹ̀dẹ̀ àti ẹ̀pà sẹ́yìn, ọ̀gẹ̀dẹ̀ àti ẹ̀pà tún padà wá bá mi níwájú láìdín ẹyọ kan. Mo bá yíjú padà. Obìnrin mẹ́jọ ló jókòó síbẹ̀, gbogbo wọn wọ bàtà kánfáàsì bí mo ṣe ní kí wọ́n wọ̀ ọ́, gbogbo wọn di ìgò omi mú bí mo ṣe ní kí wọ́n dì í mú, ṣùgbọ́n kò sí ìgò kan tí wọ́n tíì ṣí.

"Ẹ ò tíì jẹun ni?"

Ìyá Rẹ̀mí, tó dàgbà jù nínú wọn, ló dá mi lóhùn. "Àǹtí Kóòṣì, orí òkè là ń lọ, ká wá fi oúnjẹ dí ikùn? Láti àná la ti gbààwẹ̀."

"Olómi àbí gbígbẹ?"

"Gbígbẹ ni o!" Gbogbo wọn ló dáhùn, tayọ̀tayọ̀.

Mo di orí mú. Ọdún kẹfà tí mo ti ń kó èèyàn lọ gun òkè nìyẹn. Mo ti rí ẹni tó wọ sílípáàsì wá, mo ti rí ẹni tó gbé kúlà ìrẹsì dání bí ẹni ń lọ síbi ìsọmọlórúkọ, ṣùgbọ́n mi ò tíì rí ẹni tó fi ebi gbára dì rí. Ẹ̀bi mi ni. Èmi tí mò ń gbé Mowé, tí ṣọ́ọ̀ṣì wà lọ́tùn-ún wà lósì ilé mi, ó yẹ kí n ti mọ̀ pé àwọn èèyàn wa kì í gun òkè pẹ̀lú ikùn tó yó. Mo ti kọ ọ́ ránṣẹ́ sí wọn lórí fóònù pé kí wọ́n jẹun dáadáa kí wọ́n tó jáde. Wọ́n kà á. Wọ́n kàn gbà pé èmi ni mi ò mọ ohun tí wọ́n ń ṣe lórí òkè ni.

Iṣẹ́ mi kò ṣòroó ṣàlàyé, bó tilẹ̀ jẹ́ pé àbúrò mi ṣì ń sọ fáyé pé mi ò níṣẹ́ lọ́wọ́. Tíṣà eré ìdárayá ni mí ní Ifọ̀ fún ọ̀pọ̀ ọdún. Nígbà tí mo fẹ̀yìn tì, mo kó wá sílé mi ní Mowé, mo sì bẹ̀rẹ̀ sí í kó àwọn tí kò gun òkè rí lọ gun òkè. Kì í ṣe òkè ńlá o. Òkè àkọ́gùn ni mò ń pè é, ìyẹn èyí tí èèyàn lè gùn láàárín wákàtí kan, kó sọ̀ kalẹ̀, kó sì padà wálé wá jẹ oúnjẹ ọ̀sán. Mowé àti Ìbafò tẹ́ pẹrẹsẹ, kò sí òkè níbẹ̀ àfi èyí tí tíípà bá da iyẹ̀pẹ̀ rẹ̀ sílẹ̀, nítorí náà a máa ń gba ọ̀nà Ọ̀fàdà, ká gba Owódé kọjá, ká forí lé ìhà Abẹ́òkúta tí àpáta wà. Mi ò ní dárúkọ òkè náà fún yín. Bí mo bá dárúkọ rẹ̀, ẹ ó rọ́ lọ síbẹ̀ lọ́jọ́ Sátidé, ẹ ó sì da ọ̀rá omi sílẹ̀ káàkiri.

Ẹni tó kọ́ mi bí a ṣe ń yan òkè ni Bàbá Ọdẹ, arúgbó kan tí ilé rẹ̀ wà lẹ́yìn ilé ẹ̀kọ́ wa ní Ifọ̀. Ó ti fi ìbọn sílẹ̀ nígbà yẹn, ṣùgbọ́n kò fi ẹnu sílẹ̀. Kí n tó gbọ́ tirẹ̀, ojú ni mo fi ń yan òkè. Èyí tó bá ti rẹwà nínú fọ́tò ni mò ń mú. Báyìí ni mo ṣe kó èrò mi àkọ́kọ́ lọ sórí òkè gọgọrọ kan. Ọkùnrin sìgbọnlẹ̀ kan láti Ajùwọ̀n wà nínú wọn, tó ní ojoojúmọ́ lòun ń gbé irin. Ó gun òkè náà bí ewúrẹ́. Ó dé orí rẹ̀, ó wo ìsàlẹ̀ lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, ó bá jókòó. Ìdí ló fi wọ́ sọ̀ kalẹ̀ láti òkè délẹ̀, tó ń ké pe ìyá rẹ̀. Nígbà tí a fi máa dé ìsàlẹ̀, ìdí ṣòkòtò ti lọ, gèlè mi ni mo fún un pé kó ró. Títí dòní kò gbé fóònù mi mọ́, kò sì dá gèlè padà.

Nígbà tí mo lọ ròyìn rẹ̀ fún Bàbá Ọdẹ ní Ifọ̀, ó rẹ́rìn-ín títí ó fi ń wúkọ́. "Ìwọ ọmọ yìí," ó ní, "o bi òkè pé báwo ló ṣe ga, o ò bi í pé báwo ni wọ́n ṣe ń sọ̀ ọ́. Orúnkún ni wọ́n fi ń yan òkè, wọn kì í fi ojú yàn án."

Láti ọjọ́ náà, mi ò kó ẹnikẹ́ni lọ sórí òkè tí èmi nìkan kò bá tíì gùn lẹ́ẹ̀mejì. Lẹ́ẹ̀kejì, mo máa ń gbé ẹrù tó wúwo sẹ́yìn kí n lè máa rìn bí àgbàlagbà. Ibi tó bá ti kọ́kọ́ wù mí kí n jókòó, mo máa wò ó bóyá igi wà níbẹ̀. Bí kò bá sí ibòji, mo máa kí òkè náà pé ó dàbọ̀. Nígbà tí èrò bá sì dé, ẹni tó lọ́ra jù ni mo máa ń fi síwájú, ẹnikẹ́ni kò gbọ́dọ̀ yà á sílẹ̀. Inú àwọn ọ̀dọ́ kì í dùn sí i. Kí wọ́n lọ fẹjọ́ mi sùn.

Nǹkan bí oṣù kan ṣáájú ọjọ́ ààwẹ̀ yẹn ni Ìyá Rẹ̀mí wá bá mi nílé. Aránṣọ ni ní Ìbafò, aṣọ ọmọ iléèwé ló ń rán, ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ sì wà lójúde ilé tí òun àti olóògbé ọkọ rẹ̀ jọ kọ́. Ó ti ṣubú lẹ́ẹ̀kan ní balùwẹ̀. Egungun kankan kò ṣẹ́, ṣùgbọ́n látìgbà náà ni Rẹ̀mí, ọmọ kan ṣoṣo tó bí, ti ń pè é láti Àbújá pé kó ti ṣọ́ọ̀bù pa, kó ta àwọn ẹ̀rọ ìránṣọ rẹ̀, kó wá máa gbé lọ́dọ̀ òun.

"Mo bi í pé kí ni màá ṣe tó fi máa gbà pé mo ṣì lágbára," Ìyá Rẹ̀mí sọ fún mi. "Ó fi mí ṣẹ̀fẹ̀, ó ní, 'Mọ́mì, ẹ lọ gun òkè.' Mo ní ó ti yá."

"Ẹ̀yin náà sì mú un ní òótọ́?"

"Àdéhùn ni. Bí mo bá dé orí òkè, ó máa fi mí sílẹ̀ sínú ilé mi. Bí mi ò bá dé e, òpin oṣù ló ń bọ̀ wá kó mi. Bá mi wá èyí tó kéré jù, Àǹtí Kóòṣì, ṣùgbọ́n kó ṣáà jẹ́ òkè o. Kó má lọ dà bí òkìtì ọ̀gán nínú fọ́tò."

Mo ní kó dìde ká lọ yẹ orúnkún rẹ̀ wò. Ilé alájà kan wà ládùúgbò mi, mo bẹ onílé, a sì gun àtẹ̀gùn rẹ̀ lọ sókè sódò lẹ́ẹ̀mẹta. Láti ìsàlẹ̀ dókè ni Ìyá Rẹ̀mí ń ròyìn aládùúgbò rẹ̀ kan tó máa ń yọ́ wá fa omi kànga òun. Inú mi dùn. Ẹni tó bá lè ṣòfófó lórí àtẹ̀gùn, èémí rẹ̀ pé. Òkè mẹ́rin ni mo gùn nítorí rẹ̀, mo sì kọ mẹ́ta. Ọ̀kan ń yọ̀, ọ̀kan kò ní ibòji, ọ̀kan sì ga ju ohun tí Rẹ̀mí béèrè fún lọ. Ẹ̀kẹrin ń dagun díẹ̀díẹ̀, igi àyìnrẹ́ ńlá kan wà ní ìdajì rẹ̀, tí a bá sì tètè dé ibẹ̀ láàárọ̀, ibòji ni a ó máa rìn nínú rẹ̀. Ìyá Rẹ̀mí wá kó obìnrin méje wá nínú ìjọ rẹ̀ kí wọ́n wá ṣe ẹlẹ́rìí òun. Wọ́n ṣe ẹlẹ́rìí, wọ́n sì bá a gbààwẹ̀.

Bí mo ṣe gbọ́ ọ̀rọ̀ ààwẹ̀ náà nínú bọ́ọ̀sì, mo sọ fún awakọ̀ pé kó yí orí ọkọ̀ padà.

"Àǹtí Kóòṣì," Ìyá Rẹ̀mí pè mí, ohùn rẹ̀ ti lọ sílẹ̀, "Rẹ̀mí ti ní òun máa pè mí láago méjìlá."

Àánú rẹ̀ ṣe mí gan-an. Mo mọ̀ pé bí a bá padà, kò ní rí ọjọ́ mìíràn kí oṣù tó parí. Mo bi wọ́n pé kí ni wọ́n gbààwẹ̀ fún.

"Kí Ọlọ́run gbé wa dórí òkè."

"Ó dáa. Ta ló gbàdúrà kí Ó gbé wa sọ̀ kalẹ̀?"

Kò sí ẹni tó rántí. Ìyá Rẹ̀mí ló kọ́kọ́ bú sẹ́rìn-ín. Síbẹ̀, wọ́n ní àwọn ò lè ṣínu láìjẹ́ pé ìyàwó pásítọ̀ àwọn gbọ́ sí i, wọ́n bá pè é, a sì jọ ń gbọ́ ohùn rẹ̀.

"Ẹ̀yin ìyá wọ̀nyí," ó ní, "ẹ sọ fún mi pé eré ìdárayá lẹ ń lọ ṣe. Ta ló ní kẹ́ ẹ gbààwẹ̀?"

Mo rí ìka méjì tó ń tọ́ka síra wọn ní ìjókòó ẹ̀yìn.

Dípò ká padà, a yà ní Owódé, a wá ẹ̀kọ gbígbóná àti àkàrà, mo sì dúró tì wọ́n kí ẹnì kankan má baà fi àkàrà mẹ́fà sọ ara rẹ̀ di aláìlera. Àdúrà ìṣínu nìkan gbà wá ní ogún ìṣẹ́jú. Mo tún ní kí wọ́n sinmi kí oúnjẹ wálẹ̀. Nígbà tí a fi máa dé ìdí òkè, oòrùn ti bọ́ sójú àpáta, gbogbo ibòji tí mo tìtorí rẹ̀ yan òkè náà sì ti lọ, àfi ti igi àyìnrẹ́ yẹn nìkan.

Mo fi Ìyá Rẹ̀mí síwájú. Ó ń gùn, ó ń ròyìn aládùúgbò rẹ̀, òógùn ń bọ́. Nígbà tó yá, kò ròyìn mọ́. A dé abẹ́ igi, ó jókòó, ó sì fi ọwọ́ bo orúnkún rẹ̀ méjèèjì.

"Ẹ máa lọ," ó ní. "Ibi tí mo lè dé nìyí."

Ìgbà yẹn gan-an ni fóònù rẹ̀ dún. Rẹ̀mí ni. Ó ń wò ó títí ó fi dákẹ́. Mo mọ ohun tó ń rò, inú mi sì bàjẹ́, nítorí èmi ni mo yan òkè náà, èmi ni mo sì gbàgbé láti béèrè bóyá wọ́n máa gbààwẹ̀. Mo bá ṣe ohun tí kò yẹ kí n ṣe. Mo bẹ̀rẹ̀ mọ́ etí rẹ̀.

"Mà, ẹ dìde dúró síbí yìí. Màá lọ sísàlẹ̀, màá ya fọ́tò yín látibẹ̀. Ojú ọ̀run nìkan ló máa hàn lẹ́yìn yín. Rẹ̀mí ò ní mọ̀."

"Èmi ńkọ́?" ó ní. "Èmi ò ní mọ̀ ni?"

Ojú tì mí. Mo jókòó tì í. Àwọn tó kù jókòó pẹ̀lú, kò sí ẹni tó ní ká yára. Ó pẹ́ kí afẹ́fẹ́ tó bẹ̀rẹ̀ sí í fẹ́. Lójijì, Ìyá Rẹ̀mí ní, "Ṣé mo sọ fún ọ pé aládùúgbò mi yẹn tún ti ra korobá tuntun?" Mo mọ̀ pé èémí ti dé. Ó na ọwọ́ sí mi, mo fà á dìde, ó sì bọ́ síwájú. Ìgbésẹ̀ mẹ́wàá, á dúró. Ìgbésẹ̀ mẹ́wàá, á dúró. Obìnrin méje àti èmi tò tẹ̀ lé e, bó bá dúró, a dúró. Ìgbà tó tẹ ẹsẹ̀ lé orí àpáta tó kẹ́yìn, kò pariwo, kò jó. Ó kàn fi ọwọ́ gbá orúnkún rẹ̀ bí ẹni ń kí ọmọ.

Òun fúnra rẹ̀ ló pe Rẹ̀mí. Ojú ọmọ náà yọ nínú fóònù, ó wọ ṣẹ́ẹ̀tì funfun, ó ń wo ẹ̀yìn ìyá rẹ̀.

"Mọ́mì, òkè yìí ò ga púpọ̀ o."

"Wá gùn ún," ìyá rẹ̀ ní.

Rẹ̀mí kọ́kọ́ rẹ́rìn-ín, lẹ́yìn náà kò rẹ́rìn-ín mọ́. "Ẹ ò gbé fóònù mi ní ẹ̀ẹ̀kan. Mo rò pé ẹ ti ṣubú." Ó fi ọwọ́ nu ojú. "Kì í ṣe torí pé ẹ ò lágbára ni mo ṣe ní kẹ́ ẹ máa bọ̀, Mọ́mì. Gbogbo ìgbà tí fóònù bá dún lálẹ́, àyà mi máa ń já ni. Ẹ̀rù ló ń bà mí."

"Ẹ̀rù ń ba èmi náà," Ìyá Rẹ̀mí dá a lóhùn. "O rò pé nítorí ìwọ nìkan ni mo ṣe gun òkè ni? Látọjọ́ tí mo ti ṣubú, mi ò dá wọ balùwẹ̀ láìdi ògiri mú. Mo fẹ́ mọ̀ bóyá òótọ́ lo ń sọ nípa mi."

"Ṣé òótọ́ ni?"

"Irọ́ ni."

Àwọn obìnrin méje náà pariwo, "Irọ́ ni o!" Èmi yíjú sápá kan, mò ń díbọ́n pé bàtà mi ń yọ mí lẹ́nu, nítorí omi ti wà lójú mi. Rẹ̀mí ní kí ìyá òun dúró sílé rẹ̀, ṣùgbọ́n òun máa rán ẹni wá kan irin ìdìmú mọ́ ògiri balùwẹ̀. Ìyá Rẹ̀mí ní ìyẹn dáa, òun gbà á.

Àwọn èèyàn ṣì ń pè mí láti Èkó pé òkè wo ni kí àwọn fi bẹ̀rẹ̀, èyí tó ga díẹ̀, èyí tó máa dáa nínú fọ́tò. Mo máa ń bi wọ́n pé ta ni wọ́n fẹ́ kó mọ̀ pé àwọn dé orí rẹ̀. Ọ̀pọ̀ á dárúkọ ọ̀rẹ́, tàbí ọ̀gá ibi iṣẹ́, tàbí ìyàwó àtijọ́, mo sì máa ń fi wọ́n ṣẹ̀fẹ̀ kí n tó kó wọn lọ. Ṣùgbọ́n bí ẹnì kan bá sọ pé, "Èmi fúnra mi ni, mà," mi ò ní bi í ní nǹkan mìíràn mọ́. Mo máa dìde, màá sì lọ kọ́kọ́ fi orúnkún ara mi gun òkè náà nítorí tirẹ̀.