Omi ẹ̀gẹ́ mi àti àgùntàn Adama

Wàrà tí Adama fún mi láàárọ̀ yìí ṣì wà níwájú mi. Mi ò lè fi í sẹ́nu.

Adama ni obìnrin Fúlàní tó máa ń ta wàrà fún mi; "tata", ìyẹn àǹtí, ló máa ń pè mí. Ẹkún ló sun wọlé. Àgùntàn rẹ̀ méjì ti kú sẹ́bàá adágún tó wà nísàlẹ̀ ibi tí mo ti ń ṣe gàrí.

"Tata, ọmọkùnrin tó ń gbin òwú yẹn ló da oògùn apakoríko sínú omi! Wọ́n ti ń mú un lọ sọ́dọ̀ baálẹ̀."

Mo ní, "Háà! Ọlọ́run á fi òmíràn rọ́pò."

Ẹnu èmi náà ló sọ bẹ́ẹ̀ o!

Ìyá mi kọ́ mi pé kí omi ẹ̀gẹ́ kọ́kọ́ kan nínú kòtò tirẹ̀. Bó ṣe ń kan, àwọn kòkòrò tí ojú ò rí ń jẹ oró inú rẹ̀ díẹ̀díẹ̀. Ṣùgbọ́n kòtò mi kún, mo sì ń ṣahun owó ẹni tó máa gbẹ́ òmíràn. Láti ọjọ́ ọjà tó kọjá ni mo ti la ojú ọ̀nà fún omi tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ fún jáde lára ẹ̀gẹ́. Ojoojúmọ́ ló ń ṣàn lọ kó jọ sínú adágún.

Adama tún mú wàrà kan lé tèmi. "Ẹ gba èènì, tata. Ẹ̀yin nìkan lẹ bá mi kẹ́dùn."

Mo ti ń wé gèlè, ilé baálẹ̀ ni mò ń lọ. Ẹ̀yin èèyàn mi, ẹ tètè dá mi lóhùn: ta ni kí n kọ́kọ́ bẹ̀, Adama ni àbí ọmọ olówùú?