Àwọn Tó Ń Ṣe Àmín fún Alfa Jàlálù

Ọmọ Ìfọ́n ni Sẹ̀kínát, ilé ọkọ ló gbé e dé Ìlobù. Gánà ni wọ́n ti bí ìyá rẹ̀ kí wọ́n tó lé wọn wálé. Òwò ike àti abọ́ tí ìyá náà fi sílẹ̀ lòun náà ń ṣe níwájú ilé Alfa Jàlálù, ọkọ rẹ̀.

Ẹnu Alfa kì í dákẹ́. Ní ọjọ́ Jímọ̀ kan, ó gun mínbàrì, ó ní, "Ilẹ̀ tí Ìlobù àti Ìfọ́n ń tìtorí rẹ̀ para wọn yìí, Ọlọ́run ló ni ín. Ẹ jẹ́ ká jọ máa lò ó!" Kí wọ́n tó kírun tán, mọ́sálásí ti dàrú. Wọ́n ní kò gbọdọ̀ gun mínbàrì mọ́. Ó ní kò burú, ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin l'Óṣogbo lòun á ti lọ sọ ọ́.

Ó díje, ó fìdí rẹmi. Ìlobù ní ìyàwó rẹ̀ ló ń bá Ìfọ́n darí rẹ̀. Ìfọ́n ní ará Ìlobù kọ́ ni? Ó tún jáde lẹ́ẹ̀kejì, tọ̀tẹ̀ yìí burú ju ti àkọ́kọ́ lọ. Nígbà tó fi máa jáde lẹ́ẹ̀kẹta, ìjà tún ti ṣẹlẹ̀. Àwọn ilé tó wà láàárín ìlú méjèèjì ti jóná, kò sẹ́ni tó ń gbébẹ̀ mọ́.

Ibẹ̀ gan-an ni Alfa gbé ìpolongo rẹ̀ lọ.

Sẹ̀kínát tẹ̀ lé e láàárọ̀ ọjọ́ kan tí ọyẹ́ mú gan-an. Koríko ti hù ní pálọ̀ àwọn èèyàn. Alfa gbé gbohùngbohùn sẹ́nu, ó ń kí wọn láti ojúlé dé ojúlé. Á kí wọn, á dúró díẹ̀, á mi orí, á tún sún síwájú.

"Bàbá Fàthíà, ta lẹ ń kí?"

"Àwọn tó máa dìbò fún mi ni."

"Kò sẹ́nì kankan níbẹ̀ mọ́."

"Fetí sílẹ̀."

Ó ṣàdúà kí Ọlọ́run dá oníkálukú padà sílé ayọ̀. Inú àwọn ilé náà sì dáhùn: "Àmín." Ohùn ọkùnrin, ohùn obìnrin, ohùn ọmọdé, gbogbo rẹ̀ ń fà bíi ti ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ jí. Sẹ̀kínát dá ọ̀kan mọ̀ nínú wọn. Ìyá Malikah ni, ọ̀rẹ́ ìyá rẹ̀, ẹni tí Àmín tirẹ̀ máa ń gùn ju ti gbogbo ẹgbẹ́ àsàlátù lọ. Inú ọ̀kan nínú ilé wọ̀nyẹn ni iná ká a mọ́ tó fi kú. Sẹ̀kínát fa ọkọ rẹ̀ lọ́wọ́ wálé, kò sì sọ fẹ́nì kankan.

Alfa tún fìdí rẹmi. Lọ́jọ́ tí wọ́n kéde èsì, ó wọ jalabíà funfun.

"Mo fẹ́ lọ dúpẹ́ lọ́wọ́ àwọn tó tì mí lẹ́yìn."

"Ẹ jọ̀ọ́, Bàbá Fàthíà, ẹ má lọ."

Ó lọ. Nígbà tí wọ́n kírun Àsárì tí kò dé, Sẹ̀kínát ti ìsọ̀, ó wá a lọ. Ohùn ọkọ rẹ̀ ló kọ́kọ́ gbọ́ lókèèrè. Ó ń wàásù kíkankíkan, wọ́n sì ń ṣe Àmín sí i. Ọkàn rẹ̀ balẹ̀ díẹ̀. Àfìgbà tó yọ sí ojúde ilé Ìyá Malikah. Alfa jókòó sórí àtẹ̀gùn níta, ó pa ẹnu mọ́, ó ń wò ó. Inú ilé ni ohùn Alfa ti ń bọ̀.

Sẹ̀kínát kúnlẹ̀ sínú eérú. "Ìyá Malikah, ẹ kúùrọ̀lẹ́ o, mà. Sẹ̀kínát yín ni. Ẹ dákun, ẹ jẹ́ kó máa bá mi lọ."

Ìwàásù náà dáwọ́ dúró. Sẹ̀kínát di ọkọ rẹ̀ lápá mú, ó gbé e dìde. Wọ́n délé, Alfa jẹun, ó kírun, ṣùgbọ́n ohùn ò jáde lẹ́nu rẹ̀ mọ́ títí dòní.

Nígbà tó yá, Sẹ̀kínát wá Malikah lọ sí ṣọ́ọ̀bù tó ti ń ránṣọ l'Óṣogbo, ó sọ gbogbo rẹ̀ fún un. Malikah pa ẹ̀rọ rẹ̀.

"Àǹtí," ó ní, "ṣé màmá mi bi yín pé níbo ni mo wà?"