Akọni Tí Mo Jí Dìde sí Takie

Mo rántí ìgbà tí mo rò pé èmi náà lè jí òkú dìde. Ẹ má sá o, pẹ́ńsù ni mo fi ń ṣe é. Mo gba yàrá kan lẹ́yìn mọ́ṣáláṣí ní Òwódé, nílùú Ọ̀yọ́. Ibẹ̀ ni mo ti ń ya ìwé kọ́míìkì tí atẹ̀wé kan ń bá mi tẹ̀ lóṣooṣù, tí àwọn ọmọ iléèwé sì ń jà dù. Bíríkìlà ni akọni inú ìwé náà. Bó bá ti na ọwọ́ ọ̀tún rẹ̀, tírélà tí bíréèkì rẹ̀ já á dúró gbọin. Mi ò wá ojú rẹ̀ lọ jìnnà. Ojú bíríkìlà tó ń gbé yàrá kejì sí tèmi ni mo yà, tòun ti pélé ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀ àti fìlà abetí ajá tó máa ń dé. Inú ọkùnrin náà dùn dé àyè kan! Ọmọbìnrin rẹ̀ kan ṣoṣo, ọmọ ọdún méje, kì í fi ìwé náà sílẹ̀. "Bàbá mi rèé," ló máa ń wí fún gbogbo ẹni tó bá ya ilé wa.

Àìsàn ọjọ́ mẹ́ta ló pa bíríkìlà. Ìbànújẹ́ yẹn ló mú kí n pa akọni náà nínú ìwé tó tẹ̀ lé e. Mo sin ín, mo bu yẹ̀pẹ̀ lé e, mo sì ń yangàn káàkiri pé akọni tó bá kú tó tún ń padà bọ̀, ẹlẹ́tàn ni. Ǹ bá dúró lórí ọ̀rọ̀ mi. Àwọn òǹkàwé ń bẹ̀ mí, atẹ̀wé ń kùn pé mo ti ba ọjà òun jẹ́, orí mi wá wú. Kò pé oṣù mẹ́ta tí mo fi jí i. Mi ò tilẹ̀ ṣàlàyé bó ṣe jíǹde. Mo kàn yà á síbi tó dúró sí ní Takie, l'Ógbómọ̀ṣọ́, láàárín ọkọ̀ àti èrò, ó ń jẹ àgbàdo sísun, ó ń rẹ́rìn-ín.

Bàbá onílé wa, tí wọ́n jẹ́ àfáà, wo àwòrán náà títí. Wọ́n ní, "Ẹni tó kú l'Ọ̀yọ́ tí wọ́n wá ń rí l'Ógbómọ̀ṣọ́, kí là ń pè é?"

"Àkúdàáyà ni, Àfáà," mo fẹ̀rín sí i. "Ìwé lásán mà ni."

"Kò sí ìwé tó jẹ́ lásán lójú ọmọdé," ni wọ́n wí, wọ́n bá lọ kírun. Mo ní nínú ara mi pé àgbà ò mọ ohun tó ń tà lóde òní. Ọlọ́gbọ́n ayé!

Láàárọ̀ Sátidé kan, ìyàwó bíríkìlà lu ilẹ̀kùn mi bí ẹni pé ó fẹ́ wó o. Ó ti rán ọmọ lọ ra ọṣẹ, ọmọ ò padà. Ìwé mi tó bá lábẹ́ ìrọ̀rí ọmọ ló mú dání, ojú ewé Takie ti ya kúrò níbẹ̀. "Kí lo yà síbí?" ló ń wí. "Kí lo yà síbí tí ọmọ mi fi ń bi mí lánàá pé ṣé Ògbómọ̀ṣọ́ jìn?" Yéè! Mo gbé! Àwa méjèèjì sáré jáde.

Ní gáréèjì, wọ́n sọ fún wa pé ọmọbìnrin kan tẹ̀ lé ìyá àgbà kan wọ ọkọ̀ àkọ́kọ́, àwọn rò pé ọmọ-ọmọ rẹ̀ ni. A wọ ọkọ̀ tó tẹ̀ lé e. Tírélà ń ya wá sílẹ̀ lọ́tùn-ún lósì, kò sì sí akọni kankan tí yóò na ọwọ́ dá wọn dúró. Gbogbo ọkọ̀ tó bàjẹ́ sẹ́bàá ọ̀nà ni mo ń yọjú wò, tí mo ń gbàdúrà kí n má rí aṣọ ọmọ náà níbẹ̀. Ìyá rẹ̀ ò bá mi jà. Ká ní ó jà ni, ì bá sàn fún mi.

A dé Takie, ọ̀kadà lọ súà, èrò lọ súà. Mo sáré dé Ọjà Igbó, mo sáré padà, mò ń ṣàpèjúwe ọmọ títí ẹnu mi fi gbẹ. Ọ̀rọ̀ gbọ́mọgbọ́mọ tí mo ti gbọ́ rí ló ń sọ sí mi lọ́kàn. Àṣé obìnrin Hausa kan láti Sábó, tó ń ta fùrá, ló ti mú un jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. "Ó kọ̀, kò kúrò níbí," lobìnrin náà wí. "Ó ní bàbá òun ń bọ̀." Ọmọ náà di ojú ewé tó ya mú, gbogbo ọkùnrin tó bá dé fìlà ló ń fi àwòrán náà wò.

Ó rí mi, ojú rẹ̀ tàn. "Bọ̀ọ̀dá, ṣé ẹ̀yin lẹ jí bàbá mi dìde?"

"Èmi ni mo yà wọ́n."

"Kí ló dé tí ẹ ò mú wọn wá sílé wa?"

Mo wo ìyá rẹ̀ kó gbà mí. Ó mi orí. "Ìwọ ni wàá sọ fún un," ó ní. "Èmi ti sọ ọ́ lẹ́ẹ̀kan, ìwọ lo tú u."

Mo kúnlẹ̀ sínú eruku. Mo ní bàbá rẹ̀ ti kú, wọn ò ní padà, irọ́ ni mo pa. Igbe tí ọmọ náà ké, àwọn ọlọ́kadà dúró wò wá. Ìgbà kejì rèé tó ń sunkún bàbá rẹ̀, èmi ni mo fà á.

Mi ò ya akọni náà mọ́. Atẹ̀wé bínú, a pínyà. Àwọn ọ̀dọ́ tí mo ń kọ́ níṣẹ́ báyìí máa ń jiyàn níwájú mi pé akọni tí gbogbo ayé fẹ́ràn kò yẹ kó kú rárá. Mo máa ń ní kí wọ́n pa á tàbí kí wọ́n dá a sí, ṣùgbọ́n tí wọ́n bá ti sin ín, kí wọ́n fi í sílẹ̀ níbẹ̀. Wọ́n rò pé àgbà ló ń dé sí mi.

Ọmọ náà ti di wúńdíá. Ilé kan náà la ṣì ń gbé, ó máa ń kí mi tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀. Ṣùgbọ́n bí mo bá sọ nǹkan kan fún un, ìbáà ṣe pé òjò ti ń ṣú, kó sáré ká aṣọ, ojú ìyá rẹ̀ ló máa ń kọ́kọ́ wò kó tó gbà mí gbọ́.