Ìgbálẹ̀ Tàwàkálítù

Bí o bá ń wá ẹni tó mọ ilẹ̀ gbá, wá sí oko ẹ̀fọ́ Tàwàkálítù n'Iba. Èmi tí oko mi bá tirẹ̀ pààlà, ojoojúmọ́ ló ń dójú tì mí. Ewé gbígbẹ kan kì í sùn mọ́jú nílẹ̀ rẹ̀. Yóò gbá a jọ, yóò sì dáná sun ún.

Ṣọlágbadé ọkọ rẹ̀ ló gbin igi àgúnmánìyẹ̀, igi tí ewé rẹ̀ máa ń wọ́ dànù, sáàárín ebè. Òun kì í gbá ewé wọn, ó ní kí wọ́n jẹrà síbẹ̀. Ìyàwó a máa pè é ní ọ̀lẹ létí gbogbo wa, òun a sì rẹ́rìn-ín. Ó kú lọ́dún tó kọjá. Tàwàkálítù ṣe opó tán, ó padà sóko, ó gbé ìgbálẹ̀. Mi ò rí i kó sunkún rí. Ó ní gbogbo ara òun ṣe bí ẹsẹ̀ tó kú nígbà téèyàn jókòó pẹ́.

Ẹ̀fọ́ rẹ̀ ò wá dàgbà dáadáa mọ́. Ó ní òjìji igi ló fà á. Ó bá Owólabí tó ń ta igi ìdáná l'Okokomaiko sọ ọ́ pé kó wá gé gbogbo wọn ní Sátidé.

Morádéyọ̀, akẹ́kọ̀ọ́ kan ládùúgbò, ti ri aṣọ òwú funfun mẹ́ta mọ́lẹ̀ nínú oko Tàwàkálítù láti oṣù méjì sẹ́yìn, fún ìwádìí rẹ̀ nípa ilẹ̀. Ó wá hú wọn lọ́jọ́ Jímọ̀. Èyí tó wà ní gbangba, odindi ni. Èyí tó wà lábẹ́ igi tí Tàwàkálítù ń gbá, odindi ni. Ṣùgbọ́n ní igun kan lábẹ́ igi, tí ẹ̀gún kò jẹ́ kí ìgbálẹ̀ dé, òwú díẹ̀ ló kù. Ilẹ̀ ibẹ̀ dúdú, ó sì rọ̀.

"Kí ló jẹ ẹ́?" Tàwàkálítù bi í.

"Mọ́mì, àwọn nǹkan kéékèèké tó ń gbé inú ilẹ̀ ni. Ojú ò lè rí wọn. Àwọn ló ń jẹ́ kí ilẹ̀ lọ́ràá. Ewé igi yìí loúnjẹ wọn. Ibi tẹ́ ẹ̀ ń gbá, ebi ti lé wọn lọ."

Tàwàkálítù di aṣọ odindi tó wà lábẹ́ igi mú, ó ń wò ó.

"Ó ń bọ́ wọn ni," ó ní. "Mo sì pè é ní ọ̀lẹ títí ó fi kú."

Ó pe Owólabí lórí fóònù pé kó má wá mọ́. Kò sunkún lọ́jọ́ yẹn náà.

Láàárọ̀ Sátidé mo bá a lábẹ́ igi, ó jókòó sórí ewé gbígbẹ, kò mú ìgbálẹ̀ dání. Mo ń sún mọ́ ọn láti kí i.

"Bàbá Túnjí," ó pè mí, "ẹ rọra tẹ ilẹ̀. Wọ́n ń jẹun."