Bẹ́sìkẹ́ Ẹ̀gbọ́n Màmá Mi

Tí nǹkan bá bàjẹ́ mọ́ ẹ̀gbọ́n màmá mi lọ́wọ́, wọn kì í kọ háà. Wọ́n á kàn tún gèlè wọn wé, wọ́n á ní, "Màá tún un ṣe."

Ọ̀dọ̀ wọn ní Ayétòrò lèmi àti àbúrò mi obìnrin ti lọ sí iléèwé. Gààrí nìkan la máa ń mu tá a bá dé, títí ọjọ́ tí àbúrò mi dákú lọ́nà ilé. Nọ́ọ̀sì ní àìsàn kọ́, oúnjẹ aṣaralóore ni kò tó o.

Lọ́jọ́ kejì, ẹ̀gbọ́n màmá mi gun ọ̀kadà lọ bá obìnrin kan ní Àfọ̀n tó ń dín bẹ́sìkẹ́, ìyẹn wàrà tí wọ́n ń fi sóyà ṣe, pé kó kọ́ àwọn.

Èyí tí wọ́n kọ́kọ́ dá ṣe nílé kò dì. Ọkọ wọn rẹ́rìn-ín.

"Fi sílẹ̀ jàre, kì í ṣe iṣẹ́ ẹ."

"Màá tún un ṣe."

Ìgbà mẹ́rin ni wọ́n tún un ṣe kó tó dì. Wọ́n gé e, wọ́n dín in. Àbúrò mi jẹ mẹ́ta láìsinmi.

"Màmá, ṣé ó kù?"

"Ó kù. Jẹun," ni wọ́n dáhùn, wọ́n sì ń da sóyà ti ọjọ́ kejì sínú omi.