Káàsán Tí Kì í Ṣe Ìkíni

Nígbà tí owó ń ṣàn ní Dublin, tí kéréènì pọ̀ lójú ọ̀run ju ẹyẹ lọ, ni mo gba iṣẹ́ wétà nílé oúnjẹ àwọn ará Táílàndì kan. Èmi tí mo ka ìwé mẹ́fà, tí mo ti ń ru páálí ní Dublin Port, ni wọ́n wọ ṣẹ́ẹ̀tì funfun fún. Lọ́jọ́ àkọ́kọ́, ẹ̀ẹ̀mẹta ni mo tún bọ́tìnnì rẹ̀ dè.

Màdáámù Nọ́ì ló ni ibẹ̀, òun náà ló ń dáná. Àbúrò mi pátápátá ni lọ́jọ́ orí, kò ga ju ìkòkò rẹ̀ lọ, àmọ́ ọ̀bẹ ọwọ́ rẹ̀ fẹ̀ bí ìwé ìròyìn. Kò fún tábìlì ní nọ́ńbà. Orúkọ títì Bàǹkọ́ọ̀kì ló fi ń pè wọ́n. Ó ka gbogbo wọn fún mi lẹ́ẹ̀kan. Ẹ̀rù mi ló gbọ́, èmi kọ́. Silom tó wà lẹ́nu ọ̀nà àti Sukhumvit gbọọrọ nìkan ni mo rántí.

Nírọ̀lẹ́ ọjọ́ náà, ó pariwo láti ilé ìdáná: "Káàsán!"

Mo wo ojú fèrèsé. Oòrùn ẹ̀ẹ̀rùn Dublin kò tíì wọ̀, mo ní bóyá ìdí nìyẹn. Àmọ́ ta ló kọ́ ọmọ yìí ní Yorùbá, tí kò kọ́ ọ ní "ẹ"?

"Káàsán o," mo dáhùn, mo yínmú.

"Káàsán! Káàsán!"

"Mo ti gbọ́!"

Oúnjẹ tutù. Oníbàárà, ará Ireland kan, fọwọ́ kàn án, ó ní "Grand," ìyẹn "ó dára," ó sì lọ láìjẹ ẹ́. Bẹ́ẹ̀ náà ló rí lọ́jọ́ kejì. Màdáámù gbé ọ̀bẹ kalẹ̀.

"Tí àwo kan bá tún tutù, ìwọ àti ṣẹ́ẹ̀tì yẹn á pínyà."

Ìyàwó mi sì ti ròyìn fún gbogbo mọ́sáláṣí pé ọkọ òun ti bọ́ nídìí páálí!

Lọ́jọ́ kẹta, bó ṣe tún kígbe, ara mi ò gbà á mọ́, mo lọ bá a lẹ́nu ọ̀nà ilé ìdáná.

"Màdáámù, ẹ jọ̀ọ́, ìkíni yìí ti pọ̀ jù. Nílé wa, ọmọdé kì í kí àgbà bẹ́ẹ̀. 'Ẹ káàsán' ni!"

"Ta ló kí ẹ?"

Ó rẹ́rìn-ín títí ó fi di ìkòkò mú. Ó bu ìrẹsì àìsè sọ́wọ́ mi. "Khao San nìyí, ìrẹsì tí wọ́n ti bó, tí wọn ò tíì sè. Ibi tí wọ́n ti ń tà á ní Bàǹkọ́ọ̀kì láyé àtijọ́ ni títì tó ń jẹ́ bẹ́ẹ̀. Tábìlì ẹ̀yìn rẹ ni!"

Mo bojú wẹ̀yìn. Oníbàárà ti gbé fọ́ọ̀kì sókè, ó ń wò mí bí ẹni tó ń retí ìdájọ́. Mo gbé àwo náà, mo sáré. Ó ṣì ń rú èéfín.

Lẹ́yìn iṣẹ́, Màdáámù túmọ̀ orúkọ yòókù fún mi. Silom, ẹ̀rọ tí afẹ́fẹ́ ń yí. Ìdí nìyẹn tó fi fi í sẹ́nu ọ̀nà tí atẹ́gùn ti ń fẹ́. Sukhumvit, ọ̀gá kan tó ń rí sí títì ni wọ́n fi sọrí. Mo sọ Apọ́ngbọ̀n l'Ékòó fún òun náà: òyìnbó tí irùngbọ̀n rẹ̀ pọ́n.

Láti ọjọ́ náà ló ti ń fi kún un: "Ẹ Khao San!" Àwo kankan ò tún tutù títí mo fi fẹ̀yìn tì.

Ní Jímọ̀ tó kọjá, ọmọkùnrin kan kí mi lẹ́nu ọ̀nà mọ́sáláṣí: "Ẹ káàsán, sà."

Mi ò mọ ìgbà tí mo na ọwọ́ méjèèjì sí i bí ẹni tó fẹ́ gba àwo, mo ní:

"Ó ti jinná?"