Ọjọ́ Tí Mo Ṣe Ògbufọ̀ ní Àgbádárìgì

Ẹ fara balẹ̀, kí n ròyìn bí mo ṣe gbẹ̀san ìyá mi létí ọ̀sà. Ó ti pẹ́ díẹ̀, ṣùgbọ́n kò tíì tutù lọ́kàn mi.

Ìtàn ni mo ń kọ́ àwọn ọmọ nílé ẹ̀kọ́ girama kan ní Ìgàndò nígbà náà. Ègùn Àgbádárìgì ni ìyá mi. Ọ̀gbẹ́ni Àkàngbé, igbákejì ọ̀gá wa, ọmọ Ọ̀yọ́, kò jẹ́ kí n sinmi nítorí èdè Ègùn yìí. Bí mo bá ti wọ yàrá olùkọ́, a ní kí n fi èdè tó ń dún bí ọbẹ̀ tó ń hó kí òun. Lọ́jọ́ tí ìyá mi wá kí mi níbi iṣẹ́, Àkàngbé sín ọ̀rọ̀ ẹnu rẹ̀ jẹ lójú rẹ̀. Gbogbo wọn rẹ́rìn-ín. Ìyá mi náà bá wọn rẹ́rìn-ín, nítorí kò mọ̀ pé òun ni wọ́n fi ń ṣe ẹlẹ́yà. Ṣé ẹ rí ẹ̀rín yẹn? Mo gbé e pamọ́.

Nígbà tó yá, a kó àwọn ọmọ sínú bọ́ọ̀sì láti Ìkòtún, ó di Àgbádárìgì. A wo ilé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì àtijọ́, a wo ṣẹ́kẹ́ṣẹkẹ̀ tí wọ́n fi ń de ẹrú. Ó ku kí a wọkọ̀ sọdá ọ̀sà, lọ sí etí òkun tí wọ́n ti ń kó àwọn ẹrú lọ. Ọ̀gbẹ́ni Àkàngbé wo omi, ojú rẹ̀ yí padà. Àṣé ẹ̀rù odò ń bà á.

Atukọ̀ nawọ́ sí Àkàngbé, ó sọ̀rọ̀ lédè Ègùn.

Àkàngbé yíjú sí mi. “Tísà, kí ló wí?”

Ohun tí ọkùnrin náà wí kò ju pé kí ẹni tó sanra jókòó sáàárín lọ. Èmi tí mo lè fi ọ̀sẹ̀ kan wá ìtumọ̀ ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo, mo ní, “Sà, ó ní omi yìí kì í gbé ẹni tó bá ti fi èdè Ègùn ṣe yẹ̀yẹ́ rí, àfi tó bá kọ́kọ́ tọrọ àforíjì.”

“Àbí ò ń ṣeré ni?”

“Èmi kọ́, sà. Atukọ̀ ló wí.”

Atukọ̀ tún nawọ́ sí i, ó ti ń kánjú. Ni igbákejì ọ̀gá bá dọ̀bálẹ̀ gbalaja sórí iyanrìn, tòun ti ṣòkòtò funfun, lójú gbogbo ọmọ.

“Ẹ má bínú, ẹ̀yin ará Ègùn. Ẹnu mi ló yá jù.”

Atukọ̀ bi mí lédè ìyá mi pé kí ló ṣe bàbá yìí. Mo ní báyìí ni àwọn ará Ọ̀yọ́ ṣe ń kí odò.

Ẹni tó bá ń fi èdè ìyá ẹlòmíràn ṣe ẹlẹ́yà, kó gbàdúrà kó má dé ibi tí yóò ti nílò ògbufọ̀. Nígbà tí mo ròyìn rẹ̀ fún ìyá mi, ó rẹ́rìn-ín. Lọ́tẹ̀ yìí, ó mọ ẹni tí òun ń fi rẹ́rìn-ín.

Ẹ̀yin ńkọ́? Ta ló ti fi ìyá yín ṣe yẹ̀yẹ́ rí, kí lẹ sì fi san án fún un? Ẹ sọ ọ́ ṣá. N kò ní bá yín wí.